Oníbodè Tó Ń Gbé Ọgbọ́n Mì àti Aṣọ Ìkúnlẹ̀ Àgbọ̀ndá

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ tí ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì yìí, tí ẹ ń retí kí Mátíróònù pè yín wọlé fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ fi ọmú sọ́mọ lẹ́nu kí ẹkún má baà bo ọ̀rọ̀ mi mọ́lẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, wọn kò sọ ọ́ fún mi. Ẹsẹ̀ mi ló rìn ín, ojú mi ló rí i, ara mi yìí náà ló sì jẹ ìyà ibẹ̀. Èmi ni Ọdẹ́bọ̀dé ọmọ Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ọdẹ tí ẹfọ̀n ń gbóòórùn rẹ̀ tó ń béèrè ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀. Ẹ má wo ìbọn dídípẹtà tí mo gbé ti ògiri yìí kí ẹ fojú di mí. Nínú gbogbo ọdẹ tó wà ní Ìlódò, kò sí ẹni tó wọ Igbó Amúnigbàgbé tó sì jáde pẹ̀lú ohun tó wá lọ síbẹ̀, àfi èmi. Ìyàwó tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, máa rẹ́rìn-ín rẹ lọ. Tí mo bá dé ibi ẹ̀rù, èmi náà á wo ẹnu rẹ.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ bí ìlú yìí ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló ń kó àwọn obìnrin wa lọ. Obìnrin á bímọ tán, ọmọ á ké, a ó ti máa jó níta, kí a tó mọ̀, ẹ̀jẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà, ijó á di ẹkún. Bẹ́ẹ̀ ni Wúràọlá ìyàwó mi ṣe lọ lọ́jọ́ tó bí Mọrádékẹ́, ọmọ mi kan ṣoṣo. N kì í sọ ọ́ púpọ̀. Ìyá Wúràọlá, Ìyá Adùbí àna mi, ló gbẹ̀bí fún un, lórí aṣọ ẹlú dúdú tí a fi ń ṣe aṣọ ìkúnlẹ̀ ní Ìlódò láti ayébáyé. Nígbà tí Mọrádékẹ́ náà wá lóyún, tí oyún ọ̀hún sì wọ oṣù rẹ̀, oorun dá lójú mi. Èmi tí ẹkùn ń yà fún lọ́nà, mo di ẹni tó ń bẹ̀rù ikùn ọmọ rẹ̀.

Mátíróònù Ìbídàpọ̀, èyí tó wà nínú yàrá yẹn báyìí, ló ránṣẹ́ pè mí. Obìnrin yìí ti mú ohun kan wá sí ilé ìwòsàn wa tí kò sí ní gbogbo agbègbè yìí: fíríìjì tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́. Abẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró wà nínú rẹ̀, ó tutù minimini. Síbẹ̀ àwọn obìnrin ń kú.

Ó ní, "Bàbá Mọrádékẹ́, oògùn kò wọ́n wa. Ohun tó wọ́n wa ni ká tètè mọ ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù. Kí a tó mọ̀, ó ti bọ́. Mo sì gbọ́ pé ní Àgbọ̀ndá, lẹ́yìn igbó, obìnrin kì í kú lórí ìkúnlẹ̀ mọ́. Wọ́n mọ ohun kan tí a kò mọ̀."

Mo ní, "Ṣé ẹ kò tíì rán èèyàn lọ ni?"

"Mo rán tíṣà lọ. Mo rán awakọ̀ wa lọ. Mo rán ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì mi. Gbogbo wọn dé Àgbọ̀ndá, gbogbo wọn padà, kò sẹ́ni tó mú nǹkan bọ̀. Tíṣà ní wọ́n ṣe òun lálejò, wọ́n gúnyán fún òun, wọ́n sì kọ́ òun ní... Ibẹ̀ ló ti lanu sílẹ̀. Kò rántí mọ́."

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ bi mí pé kí ló dé tí a kò fi fóònù pè wọ́n. Nẹ́tíwọ̀kì wo? Igbó yẹn ti gbé nẹ́tíwọ̀kì mì kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà wa. Ọ̀nà mọ́tò ńkọ́? Afárá rẹ̀ ti bá àgbàrá lọ, ẹni tí yóò tún un ṣe ṣì ń bọ̀. Ní ti àwa ará Ìlódò, a ti dá ẹjọ́ náà láàárín ara wa: ahun ni àwọn ará Àgbọ̀ndá, ọgbọ́n ni wọ́n ń há mọ́wọ́. Ẹ sì mọ̀ pé bí ìlú bá ti dájọ́ báyìí, kò sẹ́ni tó ń wá ẹlẹ́rìí mọ́. Mo dìde lọ́dọ̀ Mátíróònù, mo ní kí ó fọkàn balẹ̀, bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kí Mọrádékẹ́ tó jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti wọgbó.

N kò ní fi ìrìn ọ̀nà dá yín lágara. Ẹ̀gún gún mi, èèrà bù mí jẹ, ìyẹn kì í ṣe ìròyìn fún ọdẹ. Nígbà tí mo rìn wọ àárín igbó tán, mo jáde síbi tí igi ìrókò méjì ti fi orí kanra bí ẹnu ọ̀nà ààfin. Ẹ̀dá kan jókòó síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ lóyún, ẹ wo ibòmíràn ná. Orí rẹ̀ kò ju àgbọn lọ, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ tóbi ju àká àgbàdo lọ, ikùn náà sì ń sọ̀rọ̀! Mo gbọ́ ohùn onírúurú èèyàn nínú rẹ̀: ẹni tó ń júwe bí a ṣe ń rọ irin, ẹni tó ń ka orúkọ ewé, ẹni tó ń kọ́ni bí a ṣe ń to egungun tó ṣẹ́. Mo gbọ́ ohùn tíṣà wa kedere, ó ń sọ nípa òwú kan àti ẹ̀jẹ̀. Ẹnu kan ṣoṣo ni ẹ̀dá yìí ní, ẹnu ọ̀hún sì gùn síwájú bí ọrùn agbè. Irun ara mi dìde, mo na ìbọn sí i.

Ó ní, "Ọdẹ, yìn ín. Ọta rẹ á wọlé síbí, á bá àwọn tó kù gbé."

"Ta ni ọ́?"

"Èmi ni Oníbodè. N kì í gba owó, n kì í gba ẹran. Nínú gbogbo ohun tí o mọ̀, èyí tó ṣe iyebíye jù lọ ni owó ibodè mi. Bí o bá ń lọ, wàá san. Bí o bá ń bọ̀, wàá san."

"Bí mo bá san án, ṣé n ó ṣì mọ̀ ọ́n?"

Ikùn rẹ̀ rẹ́rìn-ín kí ẹnu rẹ̀ tó rẹ́rìn-ín. "Bí o bá fún èèyàn ní iṣu, ṣé iṣu náà ṣì wà nínú apẹ̀rẹ̀ rẹ?"

Àṣé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tíṣà nìyẹn! Àṣé àwọn ará Àgbọ̀ndá kọ́ ọ lóòótọ́, ẹnu ibodè ló ti san gbogbo rẹ̀ bí ó ṣe ń bọ̀ wálé, títí kan ìrántí ibodè fúnra rẹ̀! Ojú tì mí fún gbogbo èébú tí a ti bú wọn. Ṣùgbọ́n ọdẹ kì í dúró tijú níwájú ẹranko. Mo fọgbọ́n bá a, mo ní n ó fún un ní bí a ṣe ń dẹ tàkúté fún ọ̀yà. Ó ní ọmọdé mọ ìyẹn. Mo ní n ó fún un ní bí a ṣe ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀ láti ara ìró ọ̀pọ̀lọ́. Ó ní ọ̀pọ̀lọ́ fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ fún òun. Ó wá fi ojú kékeré yẹn wò mí, ó ní, "Ọdẹ́bọ̀dé, ibi iyọ̀ dà?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibì kan wà nínú igbó tí ilẹ̀ ibẹ̀ ní iyọ̀, tí gbogbo ẹran ń wá fi ahọ́n lá. Bàbá mi ló fi hàn mí, kò sì sí ọdẹ mìíràn tó mọ̀ ọ́n. Gbogbo òkìkí tí mo ń fi yangàn, ibẹ̀ ló ti wá. Mo rántí Mọrádékẹ́, mo rántí bí ó ṣe máa ń di ẹ̀yìn mú bí ó bá fẹ́ dìde. Mo tẹrí ba. Ó na ẹnu gígùn yẹn lé iwájú orí mi, ó fà á, fìì, bí ẹni ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Títí di òní, mo mọ̀ pé ibì kan wà. Ọ̀nà ibẹ̀ ni n kò mọ̀ mọ́.

Mo kọjá, inú mi bàjẹ́, mo ń rìn bí ẹni tó ti oko òfo bọ̀. Níwájú díẹ̀, níbi tí mo dúró sí láti jẹun, mo rí iwin kan lórí òkìtì ọ̀gán. Obìnrin ni, irun rẹ̀ gùn wọ́lẹ̀, ó ń gbọ̀n fún òtútù. Ó ní, "Ọdẹ, fún mi níná." Mo ti fi ewé àti ẹ̀ka gbígbẹ dáná díẹ̀ láti fi sun iṣu mi, mo bá yọ igi kan tó ń jó níbẹ̀, mo nà án sí i. Ó gbà á, ó fi dá tirẹ̀, iná méjì wá ń jó.

Ó bi mí pé, "Iná tìrẹ kú bí?"

"Kò kú."

"Ó dín bí?"

"Kò dín. Ta ló ń fúnni níná tí tirẹ̀ ń dín?"

"Kí ló wá dé tí o fi san ọgbọ́n níbodè bí ẹni tó ta iṣu? Oníbodè ti purọ́ fún ọ, ó fi iná wé iṣu. Ẹni tó bá dá iná rẹ̀ gbé nìkan ni a lè pa iná mọ́ lọ́wọ́."

Mo fẹ́ dúpẹ́, mo fẹ́ tún béèrè ọ̀rọ̀ síwájú sí i, ṣùgbọ́n èéfín nìkan ló kù lórí òkìtì. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ náà kò tètè yé mi. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, èmi sì fi gbogbo ojú ṣọ́ ọ̀nà lọ́jọ́ náà, n kò fi ọ̀kan ṣọ́ ọ̀rọ̀. Àgbọ̀ndá ni mo dé kí ó tó yé mi.

Bí mo ṣe dé ilé ìwòsàn wọn, obìnrin kan jáde sí mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí. Nọ́ọ̀sì Adétóún ni, òun ni olórí àwọn agbẹ̀bí wọn. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀nà o, Bàbá ọdẹ. Ẹ̀yin ará Ìlódò ti rántí wa lónìí? A rán èèyàn sí yín kí ó wá wo bí ẹ ṣe ń mú oògùn tutù láìsí iná mànàmáná, ẹ fi òfo dá a padà fún wa. Ahun ni yín!"

Ẹ̀rín pa mí títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo sọ ọ̀rọ̀ Oníbodè fún un. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ń kúrò ní ìbàdí. Ó fà mí wọlé, ó mú aṣọ kan jáde láti inú àpótí. Kíjìpá funfun ni, wọ́n ṣẹ́ ẹ po ní ìpele ìpele, wọ́n sì fi òwú aláró rán ìlà kan yí i ká. Ó ní, "Gbàrà tí ọmọ bá ti jáde, abẹ́ ìyá ni èyí ń wọ̀. Ẹ̀jẹ̀ inú ìlà yìí, ẹ̀jẹ̀ ìbímọ ni. Bí ó bá ti kan òwú báyìí, ó ti di ẹ̀jẹ̀ ikú, a kì í jiyàn mọ́, a kì í ní ká ṣì wò ó ná. Ẹ̀yin ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe tirẹ̀?"

Mo ní Mátíróònù sọ fún mi pé wọ́n á kọ́kọ́ fún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n á dúró wò ó. Bí kò bá dá, wọ́n á fọwọ́ ra ikùn rẹ̀, wọ́n á tún dúró wò ó.

Ó mi orí. "Ẹ̀jẹ̀ kì í dúró wo ẹnikẹ́ni, Bàbá. Ẹ la ọwọ́ yín." Ó di ìka mi mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àtàǹpàkò: ẹ ra ikùn ìyá títí yóò fi le. Ìfábẹ̀lá: abẹ́rẹ́ tó ń sún ilé ọmọ kì. Ìka àárín: oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Èyí tó tẹ̀ lé e: omi dríìpù sínú iṣan. Ọmọńdinrín: ẹ wá ibi tó ya. Ó wá pa gbogbo ìka náà dé, ó fi ẹ̀ṣẹ́ mi lu àyà mi gbì. "Ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà."

Wọ́n fi ìbẹ́pẹ ṣe ikùn fún mi pé kí n máa rà á. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ rẹ́rìn-ín báyìí, mo fún yín láyè. Èmi Ọdẹ́bọ̀dé apẹfọ̀n, mo jókòó láàárín àwọn aboyún Àgbọ̀ndá, mo ń ra ìbẹ́pẹ. Èyí àkọ́kọ́ fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn obìnrin náà ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí irú mi gbẹ̀bí fún àwọn. Ìgbà tí mo ń ra ìbẹ́pẹ kejì ni ọ̀rọ̀ iwin yẹn wá yé mi, mo dìde fùú.

Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ má kọ́ mi kí ẹ sì jókòó sílé. Ẹ bá mi lọ."

Ó ní, "Ta ni yóò wo àwọn aláìsàn mi?"

"Àwọn tí ẹ ti kọ́ níbí yóò wò wọ́n. Ẹ fi aṣọ yín hàn wá, a ó fi fíríìjì wa hàn yín."

Ó wo àpótí abẹ́rẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Oòrùn ń ba abẹ́rẹ́ wa jẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti kan òwú, à ń sáré gbé obìnrin lọ sí ọ̀sìbítù ńlá ni, kò sì jìnnà. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ba ọ̀nà jẹ́, àdúrà nìkan là ń gbà. Mo ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n di ẹrù mi." Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ohun tí obìnrin yìí sì rí lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Nígbà tí a padà dé ẹnu ibodè, ẹ̀dá náà ti ń fi ahọ́n lá ètè. Ó ní, "Ọdẹ, káàbọ̀. Mo ń gbóòórùn ohun tuntun lórí rẹ." Mo bọ́ síwájú, mo yọ orí fún un, fìì! Mo yí padà, mo rí obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì bi í pé kí ni a wá ṣe nínú igbó. Adétóún gbá ọwọ́ mi mú, ó ní, "Àtàǹpàkò, ẹ ra ikùn! Ìfábẹ̀lá, abẹ́rẹ́!" Ó kà á tán, ìbẹ́pẹ fífọ́ padà sí mi lórí, ohun gbogbo yé mi. Oníbodè bínú, ó fà á lórí Adétóún náà, fìì! Adétóún dúró, ó ń wo aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó rí aṣọ ẹlòmíràn. Èmi náà gbá ọwọ́ tirẹ̀ mú. "Àtàǹpàkò, ẹ ra ikùn!" Ó rántí. Oníbodè fà á lórí mi, Adétóún kọ́ mi. Ó fà á lórí Adétóún, mo kọ́ Adétóún. Ẹnu kan ṣoṣo ló ní, kò lè fa orí méjì pọ̀. Ó ń fà, à ń kọ́ra wa, à ń pariwo bí ọmọ iléèwé tó ń ka a-b-d.

Ikùn rẹ̀ ń tóbi sí i, gbogbo ohùn inú rẹ̀ sì ń yí padà sí ohùn kan. Alágbẹ̀dẹ inú rẹ̀ ń kígbe àtàǹpàkò, ẹni tó ń ka ewé ń kígbe ìfábẹ̀lá. Ó di ikùn mú, ó ní, "Ẹ dákẹ́! Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí, kí ló dé tí tiyín kì í tán?" Mo dá a lóhùn pé, "Iná ni a gbé wá, a kò gbé iṣu wá." Ẹ ẹ̀ rí i bí mo ṣe dúró nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀, mo gbé àyà sókè bí ọba. N kò tíì gbé e sílẹ̀ tán tí Oníbodè fi bì. Gbogbo ohun tó ti gbé mì láti ọjọ́ tó ti jókòó síbẹ̀ tú jáde bí èsúnsún lẹ́yìn òjò, wọ́n ń fò lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ti tíṣà fò gba Ìlódò lọ. Ti ibi iyọ̀ mi ṣìnà, orí Ajíbóyè ọdẹ Òkèègàn ló bà lé. Òun ló ń pa ẹran níbẹ̀ báyìí, ó sì ń sọ pé làákàyè òun ni. Mo fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Bí ikùn yẹn ṣe fọn tán ni àwọn ìrókò méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ sá!" Ẹ̀ka kan já lulẹ̀ níbi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò, òmíràn gba fìlà lórí mi. Obìnrin yẹn sáré ju ọdẹ lọ. Ó gbé àpótí rẹ̀ lérí, ó fi ọwọ́ kan di ìró mú, èmi tí mo ń pe ara mi ní ẹlẹ́sẹ̀ ehoro, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà títí a fi jáde. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, igi ti wó dí ibẹ̀, kò sí ibodè mọ́, kò sí oníbodè.

Ìlódò ni ẹ̀rù gidi ti bà mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń retí ibi ẹ̀rù, ibẹ̀ la dé yìí. Bí a ṣe wọlé láàárọ̀, ìrọbí ti mú Mọrádékẹ́. Ó ti wà ní yàrá ìbímọ, Mátíróònù wà pẹ̀lú rẹ̀, Ìyá Adùbí sì ti ká aṣọ ẹlú dúdú lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ fún àna mi. Adétóún kúnlẹ̀ kí i, ó ṣí àpótí, ó sì mú kíjìpá funfun yẹn jáde.

Ìyá Adùbí ní, "Kí nìyẹn?"

"Aṣọ ìkúnlẹ̀ ni, Ìyá."

"Ìkúnlẹ̀ kẹ̀? Òkú la ń fi aṣọ funfun wé níbí! Irú rẹ̀ ni mo fi wé Wúràọlá. Ẹ kò ní tẹ́ ọmọ rẹ̀ lé e níṣojú mi. Ẹ kọ́kọ́ pa mí ná."

Adétóún wò mí, mo wo ilẹ̀. Ní tiwọn, funfun ni aṣọ ayọ̀. Nínú gbogbo ohun tí a ṣe nínú igbó, kò sí èyí tó wá sí wa lọ́kàn pé aṣọ kan náà lè jẹ́ ayọ̀ níbì kan, kó jẹ́ òkú níbòmíràn. Mátíróònù bẹ Ìyá Adùbí, kò gbà. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní kí n lọ bẹ ìbọn mi. Igbe Mọrádékẹ́ sì ń ti inú yàrá bọ̀.

Adétóún kò jiyàn. Ó rí ife sóbò pupa tí ẹnì kan gbé sórí fèrèsé, ó tẹ́ aṣọ ẹlú dúdú sílẹ̀, ó sì da sóbò náà lé e. Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà pé ẹ̀jẹ̀ nìyí. Ó ti pọ̀ tó?"

Ìyá Adùbí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wò ó, ó fi ọwọ́ kàn án, ó tún wò ó. Dúdú ni aṣọ náà tẹ́lẹ̀, dúdú náà ló ṣì wà. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe hàn lọ́jọ́ yẹn," ló wí. "Mo jókòó tì í. Mo ń kọrin fún ọmọ. Mo rò pé oorun ló ń kùn ún."

Ó dìde fúnra rẹ̀, ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Kò ní jẹ́ dúdú. Kò sì ní jẹ́ funfun. Ta ló ní àtàlẹ̀ pupa nílé?" Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ iṣẹ́ àtàlẹ̀ pupa, bí ẹ bá rí ọwọ́ ẹni tó lọ̀ ọ́, ẹ ó mọ̀, á ti pọ́n rúsúrúsú. Àwọn obìnrin àdúgbò kó o wá, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sè é, wọ́n ki kíjìpá bọ̀ ọ́, ó jáde bí ìbẹ́pẹ pípọ́n. Wọ́n sá a sórí páànù, oòrùn kò yá tó, wọ́n fi áyọ́ọ̀nù eléèédú tẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbẹ. Adétóún da ìwọ̀nba sóbò sí etí rẹ̀ kan wò, pupa rẹ̀ hàn ketekete. Ó ní, "Èyí dára ju tiwa lọ. Mo ń gbé e lọ sílé." Ìyá Adùbí kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló gbé aṣọ náà wọlé.

Ọ̀sán ni ọmọ dé. Mo wà lábẹ́ fèrèsé, mo gbọ́ igbe rẹ̀, n kò jó. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí kì í fi ọwọ́ gbá ewé. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn obìnrin, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Lójijì Ìyá Adùbí pariwo, "Ó kan òwú! Ó ti kan òwú o!" Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti wà níwájú ẹfọ̀n tó fara gbọta, n kò mọ ohun tí ìbẹ̀rù jẹ́ títí di ìṣẹ́jú yẹn. Mo gbọ́ ìlẹ̀kùn fíríìjì tó ṣí, tó sì pa dé. Mo gbọ́ ohùn Mátíróònù àti ti Adétóún pa pọ̀, wọn kò sọ pé ká dúró wò ó. "Abẹ́rẹ́ ti wọlé." "Ikùn ń le." "Dríìpù ń lọ." "Mo ti rí ibi tó ya." Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Mo pe orúkọ Wúràọlá, mo ní kó má gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi.

Ohùn Mọrádékẹ́ ni mo gbọ́, ó rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni. Ó ní, "Ìyá àgbà, ebi ń pa mí."

Mo sunkún bí ọmọdé. N kò tijú rẹ̀, mo sì tún lè sun ún báyìí.

Nígbà tó yá, Ìyá Adùbí jáde pẹ̀lú aṣọ náà lọ́wọ́, pupa ti bo gbogbo rẹ̀. Ó jókòó sórí àkàsọ̀, Adétóún jókòó tì í. Ó bi í pé, "Ọmọ mi, láti ìgbà wo lẹ ti ń ṣe báyìí ní Àgbọ̀ndá?"

Adétóún kò fura. Ó ní, "Ó ti pẹ́ o, Ìyá. Lórí irú aṣọ yìí ni wọ́n bí èmi fúnra mi sí."

Ọjọ́ orí rẹ̀ sì ju ti Mọrádékẹ́ lọ dáadáa. Mo rí i bí Ìyá Adùbí ṣe wo ojú rẹ̀, tó ń fi ọjọ́ orí rẹ̀ wé ti ọmọ tó wà nínú yàrá. Lọ́jọ́ tí a sin Wúràọlá, aṣọ yìí wà lẹ́yìn igbó. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò wà níbẹ̀, ó ń jẹun, ó ń sùn, bóyá òun náà ń bú wa ní ahun. Ìyá Adùbí tẹ orí ba aṣọ náà, Adétóún sì di ọwọ́ rẹ̀ mú láìmọ ìdí rẹ̀.

Ìyá Adùbí gbé orí sókè. Ó pe Mátíróònù jáde. "Ìlú wo ló kù ní agbègbè yìí tí kò tíì gbọ́?"

Mátíróònù ní, "Òkèègàn ni, Ìyá." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, torí gbogbo wa mọ̀ pé a kì í kí ará Òkèègàn láti ìgbà ìjà ilẹ̀, àwọn náà kì í kí wa.

Ìyá Adùbí ká aṣọ náà pọ̀ tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró le. Láti ọjọ́ ìsìnkú yẹn, kò tíì fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè mí rí. Ó ní, "Ọkọ Wúràọlá, gbé ìbọn rẹ, ká máa lọ."

Mo gbé e, mo tẹ̀ lé e. N kò tíì rí ojú ọmọ-ọmọ mi nígbà tí a jáde nílùú.